Lílo Ohun Èlò Orí Ayélujára Láti Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nípa Iná Mànàmáná

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó máa ń kọ́ nípa iná mànàmáná láìfọwọ́ kan bátìrì tàbí wáyà rí nínú kíláàsì. Olùkọ́ a ya àwòrán sára pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, wọn a sì há a sórí. Ìgbà tí ìdánwò àṣefihàn bá dé ni àṣírí máa ń tú. Ohun èlò sáyẹ́ǹsì tí kò tó ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ọ̀lẹ olùkọ́.

Àwọn ohun èlò kan wà lórí ayélujára tí ó lè dí díẹ̀ nínú àlàfo yìí. Ọ̀kan tí ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ̀ ni PhET, tí Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní láti fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó lò ó.

Bí ẹ bá ṣí èyí tí ó jẹ mọ́ iná, ẹ ó rí bátìrì, wáyà àti gílóòbù ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ni a fi ń fà wọ́n wá sí àárín, tí a ó sì so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá so pọ̀ yípo, gílóòbù yóò tàn, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò sì máa rìn gba inú wáyà bí èèrà tí ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Bí a bá já wáyà níbì kan, gbogbo wọn yóò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó kò lè fi èyí hàn. Bí ọmọ bá sì fi wáyà nìkan so ẹnu kìíní bátìrì mọ́ ìkejì, bátìrì náà yóò gbiná lójú ẹ̀rọ, láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀nà tí olùkọ́ gbà lò ó ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ó bi wọ́n pé: bí a bá so gílóòbù méjì tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù? Kí olúkúlùkù kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yóò ní ti àkọ́kọ́ ni, nítorí pé òun ni iná kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dán an wò, wọn yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ó sì dínkù sí ti gílóòbù kan ṣoṣo. Àríyànjiyàn tí yóò bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà gan-an ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìdí tí iná yàrá kan fi lè kú nínú ilé tí ti pálọ̀ kò sì kú.

Kò sí èèwọ̀ bí àríyànjiyàn náà bá jẹ́ ní èdè Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì.

Ní ti détà, olùkọ́ lè gba àṣefihàn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ó sì dà á kọ sórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sídìí ẹ̀rọ kan kò burú. Ó tilẹ̀ sàn ju kí olúkúlùkù dá jókòó.

Kahoot, eré ìbéèrè àti ìdáhùn láti Norway, yàtọ̀: ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà. Ó ń dá kíláàsì lára yá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára dáhùn ni ó sábà máa ń gba máàkì jù, èyí tí kò rọrùn fún ọmọ tí ń fara balẹ̀ ronú. Ó dára fún àtúnyẹ̀wò ju ẹ̀kọ́ tuntun lọ. Orúkọ ìnagijẹ sì tó láti fi wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún òbí ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí i kí a tó gba ìsọfúnni ọmọdé.

Àmọ́ gílóòbù orí ẹ̀rọ kì í gbóná mọ́ni lọ́wọ́, wáyà rẹ̀ kì í sì í dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí olùkọ́ wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, gílóòbù kékeré àti wáyà díẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn so wọ́n pọ̀.