Ẹni Tí Ọlọ́run Pè Tí Kò Kúrò Nídìí Iná

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Ìgbótako, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, ẹni tó bá jẹ pupuru ti jẹ làálàá ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n á hó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, títí yóò fi rọ̀ tí òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Wọ́n á fa okùn inú rẹ̀ dànù, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á gbé nǹkan tó wúwo lé e kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ọ́n ní rìbìtì rìbìtì, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ tó wà lókè iná, èéfín á sì gbà á. Ara rẹ̀ á dúdú bí èédú, inú rẹ̀ á funfun. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á ha ara dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á sẹ́ ẹ, ó di ohun tí a lè dà sómi gbígbóná kí a rò ó fún ẹni tébi ń pa.

Ẹni tí kò bá dúró tì wọ́n rí lè rò pé ẹ̀gẹ́ híhó ló le jù níbẹ̀. Rárá o. Iná ṣíṣọ́ ni. Kò gbọdọ̀ jó lala, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara á jóná kí inú tó gbẹ. Kò sì gbọdọ̀ kú, torí pupuru tí inú rẹ̀ kò gbẹ á hu. Igi tútù á máa rú èéfín sójú, igi tó gbẹ jù kò ní pẹ́ tó fi jó tán. Obìnrin á máa yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú á máa ṣomi, ìlẹ̀kẹ̀ òógùn á máa já. Bó bá ti kó tọ̀sẹ̀ yìí lọ sọ́jà, ẹ̀gẹ́ tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti wà nínú omi.

Ẹ wá bi obìnrin yìí lọ́jọ́ Ìsinmi pé níbo ló ti bá Ọlọ́run pàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Á ní níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú, tàbí níbi àìsùn ọjọ́ Ẹtì, tàbí lórí òkè tí àwọn ẹgbẹ́ háyà mọ́tò lọ. Mo ti gbọ́ irú ìdáhùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìdí iná. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún un láti orí àga ìwàásù ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù lágbègbè yìí. Ní oṣù October 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ PWD, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba. Rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò jí mọ́, ó sì gbọ́ ohùn tó pè é lórúkọ. Ìyókù ti di ohun tí ọmọdé ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi ń kà lórí: ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba àdúrà lọ, ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, ìjọ CAC sì dìde. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbi tí rólà yẹn ti dúró, yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè sì wà ní ìlú náà.

N kò ní ohunkóhun sí ìrìn àjò mímọ́. Àmọ́ ó máa ń yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí à ń bẹ̀ níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan rántí pé kì í ṣe òkè àdúrà ni ibẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú iṣẹ́ ni. Epo wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, eruku wà lára rẹ̀, oòrùn sì wà lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ìtàn náà fi sọ́kàn olùgbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: bí Ọlọ́run bá pe ènìyàn nídìí iṣẹ́, iṣẹ́ náà parí nìyẹn. Bíbélì sì dà bíi pé ó gbè é lẹ́yìn. Mósè ń da àgùntàn nígbà tó rí iná nínú igbó, ó sì fi àgùntàn sílẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Gídíónì ń lu ọkà níbi tó sá pamọ́ sí, ó di balógun. Èlíṣà ń fi màlúù túlẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn fi oko sílẹ̀, ó pa màlúù, ó fi igi ohun ìtúlẹ̀ dáná sè é, kó má baà sí ohun tí yóò padà sí. Pétérù fi àwọ̀n sílẹ̀, Mátíù dìde nídìí tábìlì owó òde. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo ìtàn yìí láti kékeré, tó sì bá ara rẹ̀ ní ọmọ àádọ́ta ọdún nídìí iná kan náà tí ìyá rẹ̀ dá, kí ló kù fún un láti rò ju pé Olúwa ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló pè?

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mú yín mọ ọkùnrin kan tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nicolas Herman lorúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1614 ni wọ́n bí i ní abúlé Hériménil ní ilẹ̀ Lorraine, tó wà ní ìlà oòrùn Faransé òní. Òtòṣì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 18, lásìkò òtútù, ó rí igi kan tí kò ní ewé kankan. Àwa tí igbó wa tutù yọ̀yọ̀ tọdún-tọdún lè má mọ bó ṣe máa ń rí, àfi ẹni tó bá ti gba inú oko rọ́bà kọjá nígbà ọyẹ́, tó rí i tí gbogbo ewé ti wọ́ sílẹ̀ tí ẹ̀ka wá dúró ní ìhòòhò bí ohun tó ti kú. Nicolas wo igi náà, ó ro bí yóò ṣe tún rúwé láìpẹ́, ó sì ti ibẹ̀ mọ̀ pé Ọlọ́run wà, pé Ó lágbára. Kò sí ohùn, kò sí ìran. Igi lásán.

Kò di wòlíì lọ́jọ́ kejì. Ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ń jà ní Yúróòpù, ó sì ṣe ọmọ ogun nínú rẹ̀ títí ọgbẹ́ fi sọ ọ́ di ẹni tó ń tiro. Ó di ìránṣẹ́ nílé ọlọ́rọ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ nígbà tó dàgbà pé òun jẹ́ gìdìgbà kan tó ń fọ́ gbogbo nǹkan tó bá fọwọ́ kàn. Ní 1640, ó wọlé àwọn mọ́ǹkì Kámẹ́lì ní Paris, ó ní bóyá wọn á fìyà jẹ òun níbẹ̀ nítorí ọwọ́ wúwo òun, kí òun lè fi ìyà náà tọrọ àforíjì. Wọ́n sọ ọ́ ní Arákùnrin Lawrence. Wọn kò fi í joyè àlùfáà, wọ́n ní kó lọ máa dáná.

Ilé ìdáná náà gan-an ni ohun tó kórìíra jù. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ràn èéfín, tàbí pé ìkòkò ni ìpè òun. Nǹkan bí ọdún 15 ló fi wà níbẹ̀, tó ń sè, tó ń fọ̀, tí ẹni yìí ń pè é lápá ọ̀tún tí ẹni yẹn ń béèrè nǹkan lápá òsì. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, wọ́n gbé e lọ sídìí bàtà títún ṣe. Wọ́n tún máa ń rán an lọ ra wáìnì ní Burgundy, iṣẹ́ tí kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe jẹ́ kó lè rìn dáadáa nínú ọkọ̀ ojú omi, ńṣe ló ń yí gbiri lórí àwọn àgbá wáìnì. Èyí ni gbogbo oyè tó jẹ títí tó fi kú ní 1691.

Kí ló wá ṣe tí a fi ń dárúkọ rẹ̀? Ó pinnu pé òun ò ní yé bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà ni. Bó bá fẹ́ yí ẹyin nínú agbada, á yí i nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run. Bí kò bá sí ohun mìíràn láti ṣe, á ṣa koríko kan nílẹ̀ nítorí ìfẹ́ kan náà. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á sọ fún Un. Bí ó bá parí, á dúpẹ́ tó bá dára, bí kò bá dára, á tọrọ ìdáríjì, á sì kọjá síbi iṣẹ́ tó kàn. Bí ó bá rí i pé òun ti gbàgbé Ọlọ́run fún wákàtí mélòó kan, kò ní gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, á padà síbi tí òun àti Ọlọ́run bá ọ̀rọ̀ dé. Díẹ̀díẹ̀, ó dé ibi tí àkókò àdúrà àti àkókò iṣẹ́ kò fi yàtọ̀ síra wọn lójú rẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ó fi ọdún mẹ́rin gbáko gbà gbọ́ pé ọ̀run àpáàdì lòun ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè yí i lérò padà. Kò rí àmì kan nínú ilé ìdáná. Ó kàn ń bá a lọ ni. Àlùfáà kan, Joseph de Beaufort, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a sọ̀rọ̀ ní 1666, òun ló sì kó ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ jọ di ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fura pé ti àwọn Àgùdà nìyí, kó mọ̀ pé John Wesley, bàbá àwọn Mẹ́tọ́díìsì, fi ìwé náà sínú àkójọ tó ṣe fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìyá kan ní ọjà Òkìtìpupa á sọ bí mo bá ka èyí fún un. Á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń san owó ilé ìwé ọmọ Lawrence?" Òótọ́ ló sọ. Lawrence kò bímọ. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń fún un láṣọ, kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń retí owó rẹ̀ lópin oṣù. Ọ̀rọ̀ tún wà tó burú jùyẹn lọ. Ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi lè gba ẹ̀kọ́ yìí, kó fi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run wà níbi èéfín náà. Ìyẹn kì í ṣe ìhìn rere, ọ̀lẹ ló wọ aṣọ àlùfáà. Bí a bá lè mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ dín kù, kí a mọ ọ́n lónìí, kí ọkọ náà sì dìde wá ṣọ́ iná. Kò síbi tí Lawrence ti sọ pé kí ilé ìdáná máa le. Ohun tó sọ ni pé líle rẹ̀ kò lè ti Ọlọ́run síta.

Àwọn ará wa létí òkun ti dán nǹkan tó sún mọ́ èyí wò. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù láàárín àwọn Ìlàjẹ dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń kan ọkọ̀, gbogbo èrè ń wọ àpò kan ṣoṣo, torí pé ti Olúwa ni iṣẹ́ náà. Ohun ńlá ni, òkìkí rẹ̀ sì kàn jìnnà kí ètò àpò kan náà tó tú. Ṣùgbọ́n odidi ìlú ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí irú ìyẹn tó ṣeé ṣe. Ti Lawrence kò ju ẹnìkan lọ.

Bí mo ṣe tún padà sínú Bíbélì, mo rí i pé àwọn tí a pè tí wọn kò kúrò pọ̀ níbẹ̀ ju bí ìwàásù ṣe ń sọ lọ. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù rí áńgẹ́lì, wọ́n rí ọmọ náà, wọ́n sì padà sídìí àgùntàn wọn. Àwọn agbowó òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Kò ní kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbà ju iye tó yẹ. Lídíà ń ta aṣọ rẹ̀ lọ, Akúílà àti Pírísílà ń pàgọ́ lọ, Pọ́ọ̀lù sì jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn rán an. Sekaráyà sọ tẹ́lẹ̀ ní orí ìkẹyìn ìwé rẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo ìkòkò ní Jerúsálẹ́mù, títí kan ti inú ilé lásán, yóò jẹ́ mímọ́ bíi ti ilé Olúwa. Pétérù tó fi àwọ̀n sílẹ̀ pàápàá padà sídìí ẹja pípa lẹ́yìn Àjíǹde. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ láàárọ̀, Jésù ti dáná èédú dè wọ́n, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́gi ló yan ẹja yẹn.

Àsìkò ẹ̀rí nínú ìjọ wa ti di àsìkò àyípadà: ẹni tó ríṣẹ́, ẹni tó rí físà, ẹni tó ra mọ́tò. Ó wù mí kí n gbọ́ irú ẹ̀rí mìíràn lọ́jọ́ kan, kí ìyá kan dìde, kó sọ pé òun ò ríṣẹ́ tuntun, pé ìdí iná pupuru lòun wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ náà lòun máa wà lọ́la, pé èèyàn kan fẹ́ kí òun kó èyí tí inú rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ sọ́jà, àmọ́ òun bá Olúwa sọ ọ́ bí òun ṣe ń yí i lórí pẹpẹ, òun sì dá a padà sórí iná. Kó wá jókòó. N kò mọ orin tí akọrin máa dá tẹ̀ lé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.