Èjìnrìn: Ìlú Kékeré Tí Ó Ti Ní Ọjà Ńlá Rí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè ka orúkọ àwọn ìlú ńláńlá inú ìwé láìtàsé: Mẹ́kà, Mẹ̀dínà, Bàgídádì, Káírò. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ìtàn ìlú tí ó wà lẹ́yìnkùlé wọn, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tárìkh tí àwa oníkéú ń kọ́ kì í ṣe ti ìlú ńlá nìkan. Ibn Battuta, tí ó kúrò ní ìlú rẹ̀ Tangier ní ọdún 1325, wọ ìlú ńlá, ó sì wọ abúlé, ó sì ròyìn ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú Èjìnrìn, ìlú kékeré tí kò jìnnà sí wa, láti ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́dún yìí.

IBI TÍ ÈJÌNRÌN WÀ

Èjìnrìn wà ní etí ọ̀sà, ní apá àríwá omi, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ ju Ìkòròdú lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté rẹ̀ tí ó kọjú sí gúúsù, ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ oníyanrìn tóóró, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí omi, igbó àti oko ni yóò rí, àti ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó ru ẹrù lè rin ọ̀nà náà já láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀sà yìí kì í ṣe omi kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà. Ní àkókò òjò, odò Ògùn ń ya wọ inú rẹ̀ ní apá Ìkòròdú, odò Ọ̀ṣun sì ń ya wọ̀ ọ́ ní apá Ẹ̀pẹ́, omi náà a sì dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun a gba Èkó wọlé, a sì máa ti omi dídùn sẹ́yìn. Èyí wà lára ohun tí ó fà á tí oríṣiríṣi ẹja fi wà nínú ọ̀sà wa, tí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ fi di ibi tí àwọn ará Èkó ń wá ra ẹja.

ÌDÍ TÍ ỌJÀ FI TÓBI NÍBẸ̀

Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó là, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo. Ènìyàn kan kò lè ru ju àgbá kékeré kan lọ lórí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan lè gbé ẹrù ogún ènìyàn. Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ bá ti pàdé omi ni ọjà ń gbé. Ìkòròdú rí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀pẹ́ rí bẹ́ẹ̀, Èjìnrìn náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú ń kó epo pupa, ekùrọ́, iṣu, àgbàdo àti aṣọ tí wọ́n hun wá láti òkè. Àwọn ará Èkó ń kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó, tábà, ọtí àti ìbọn wá láti ìsàlẹ̀. Epo àti ekùrọ́ kò dúró ní Èkó, òkè òkun ni wọ́n ń lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú ekùrọ́ Èkó ń lọ. Ẹ wò ó bí ìyá kan tí ó ń pa ekùrọ́ ní abà Ìjẹ̀bú ṣe ń bá ilé iṣẹ́ ìlú Jámánì dòwò pọ̀, tí kò sì mọ̀.

Ìlànà kan wà tí àwọn Ìjẹ̀bú dì mú ṣinṣin. Ará Èkó kò gbọdọ̀ kọjá ọjà etí omi lọ sí òkè. Ará òkè náà kò sì gbọdọ̀ la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá dé etí omi. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín, àwọn oníbodè sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọjá. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, òwò Èkó a dúró.

KÒSỌ́KỌ́ ÀTI Ẹ̀PẸ́

A kò lè sọ ìtàn Èjìnrìn kí á má mẹ́nu ba Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ogun kọlu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní kọlu Èkó mọ́. Ní 1862, lẹ́yìn tí Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ó padà sílé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1872.

Àwọn tí wọ́n bá a padà, tí Ọ̀ṣọ́dì Tápà ṣe olórí fún, ni wọ́n tẹ àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Èkó. Àwọn tí kò padà ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè yìí.

OGUN ỌDÚN 1892

Àwọn òyìnbó Èkó kò fẹ́ràn ọ̀nà tí à ń tì pa. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n mú kí àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, pé ìjọba yóò sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò dúró. Ní oṣù Karùn-ún, Gómìnà Carter rán àwọn ọmọ ogun lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì forí lé Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni ogun le jù ní Ìmágbọ̀n. Ìbọn àwọn òyìnbó yára ju ti àwọn Ìjẹ̀bú lọ, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

OHUN TÍ Ó SỌ ỌJÀ DI KÉKERÉ

Ogun kọ́ ni ó pa Èjìnrìn. Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èjìnrìn kí ó tó gba orí ilẹ̀. Ọ̀nà titun ni ó mú un rẹlẹ̀.

Èkíní ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà, ẹrù òkè kò nílò láti gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá mọ́. Èkejì ni ọ̀nà ọkọ̀. Nígbà tí mọ́tò lè ti Èkó gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni yóò tún dúró de ọkọ̀ ojú omi? Ẹ̀kẹta ni ewéko tí ń léfòó lójú omi, tí ó ya wọ ọ̀sà wa ní nǹkan bí 1984, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó sì ń fa àwọ̀n ya.

Ààlà ìjọba náà tún yí padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sì bọ́ sínú rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde wà ní òdìkejì, ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó jẹ́ èbúté Ìjẹ̀bú ṣe wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Láti 2003 ni orúkọ Èjìnrìn ti wà lára orúkọ ìjọba ìdàgbàsókè Ìkọ̀sí-Èjìnrìn.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Ọ̀nà ni ó ń gbé ìlú ga, ọ̀nà náà ni ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní òní, ọ̀nà tún ti ń yí padà. Èbúté ọkọ̀ òkun ńlá ti ṣí ní Lẹ́kí ní 2023, ilé ìfọpo Dangote náà ṣí lọ́dún kan náà, àwọn tí ń ra ilẹ̀ sì ti ya bo gbogbo agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí oko baba rẹ̀ dé, tí kò mọ ẹni tí ó fún wọn ní ilẹ̀ tàbí ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń gbà lọ sí etí omi, kí ni yóò sọ bí a bá pè é sí kóòtù? Àjèjì ni yóò máa sọ ìtàn ilé rẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ kan rèé fún ìsinmi yìí. Kí olúkúlùkù jókòó ti àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ̀. Kí ó bi í léèrè pé: níbo ni a ti wá? Ta ni ó kọ́kọ́ dé ibi yìí? Ọjọ́ mélòó mélòó ni à ń ná ọjà wa? Kí ni orúkọ odò àti igbó tí ó yí wa ká? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe ní lẹ́tà Yorùbá tàbí ní lẹ́tà Lárúbáwá, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ wa ti ń ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe lé wọn bí wọ́n bá ń béèrè. Àwọn baba wa ní, bí a kò bá bá ìtàn, à á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá lọ tí kò sọ àrọ́bá fún ẹnikẹ́ni, ó ti bá a lọ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní etí ìgbọ́ràn. Àmín.