Martha Clare Morris

Martha Clare Morris (1955–2020) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí bí oúnjẹ ṣe lè dín ewu àrùn iyè-rírà kù láàárín àwọn àgbàlagbà. Òun ni aṣáájú àwọn tí ó ṣètò ìlànà ìjẹun tí a mọ̀ sí MIND. Yunifásítì Harvard ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Rush ní ìlú Chicago.

Ìwádìí ní Chicago

Ìhà gúúsù Chicago, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ ń gbé, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tí àwọn àgbàlagbà 815 ń jẹ, wọ́n sì tọ́pa wọn fún nǹkan bí ọdún 4 láti mọ àwọn tí àrùn Alzheimer yóò mú. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ewu náà kéré lára àwọn kan tí wọ́n ń rí fítámìn E púpọ̀ nínú oúnjẹ. Èyí tí a ń gbé mì bí oògùn kò fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ hàn. Ní ọdún 2003, wọ́n ròyìn ohun tí ó jọ ọ́ nípa ẹja jíjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Ìlànà MIND

Ọdún 2015 ni MIND jáde. Oúnjẹ 10 ni ó gbani níyànjú láti máa jẹ, lára wọn ni ẹ̀wà, ẹja, adìẹ àti epo ólífì. Ó ní kí a dín 5 kù, àwọn ni bọ́tà, wàràkàṣì, ẹran pupa, oúnjẹ díndín àti ìpápánu aládùn. Ẹ̀fọ́ ni ó gba ipò iwájú. Nínú gbogbo èso, irú strawberry àti blueberry nìkan ni ó dárúkọ, nítorí pé àwọn èso yòókù kò fi ipa kan pàtó hàn lórí ọpọlọ nínú ìwádìí. Láàárín àwọn àgbàlagbà 923 tí wọ́n tọ́pa, ewu Alzheimer fi ìdá 53 nínú 100 kéré lára àwọn tí oúnjẹ wọn bá ìlànà náà mu jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa lè jẹ́ ẹni tí ó ń ṣeré ìdárayá tàbí tí ó kàwé jù, kò sì sí ìṣirò tí ó lè yọ gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá.

Nítorí náà ni Morris fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn ní ọdún 2017. Wọ́n fi ìbò pín ènìyàn 604 tí àrùn iyè-rírà ti wà nínú ìdílé wọn sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan jẹ oúnjẹ MIND, èkejì jẹ oúnjẹ tí ó ti mọ́ ọn lára. Àwọn méjèèjì dín ìwọ̀n oúnjẹ wọn kù. Àrùn jẹjẹrẹ pa Morris ní oṣù kejì ọdún 2020, kí ìdánwò náà tó parí.

Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Lẹ́yìn ọdún 3, agbára ìrònú àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì sunwọ̀n sí i díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Agbára ìrònú ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe iye àwọn tí àrùn iyè-rírà mú, ọdún 3 sì kéré fún àrùn tí ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó farahàn.