Ojú tí Àwọn Oníṣègùn fi ń Wo Igbó

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá dárúkọ igbó láàárín ìjọ, olúkúlùkù a fajú ro, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn tí ń mu ún ní kọ̀rọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ, bí kò ṣe ti àwọn tí a ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ̀ lọ nígbà tí orí rẹ̀ bá dàrú, èyíinì ni àwọn oníṣègùn àti àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọn kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi wà ní Ìwó níhìn-ín, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn àgbà oníṣègùn a máa wí pé àwọn ọmọ ogun tí ó ti Íńdíà àti Bọ́má bọ̀ lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945 ni ó mú ewé náà gbilẹ̀ láàárín wa. Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà T. A. Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní 1954, a rí i láàárín àwọn aláìsàn ọpọlọ. Dókítà Tolani Asuni kọ̀wé lé e lórí ní 1964, Lambo náà sì kọ tirẹ̀ ní 1965. Ní 1966 ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tí ó bá gbìn ín lè kú, kí ẹni tí ó bá mu ún sì lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán. Ní 1975 ni a yọ ikú kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i: ohun tí oníṣègùn ń pè ní àìsàn ni òfin ń pè ní ọ̀ràn.

Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kò lè ṣàì kórìíra igbó, nítorí àwọn tí ó bàjẹ́ nìkan ni a ń gbé wá bá a. Ìwádìí 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ni ó lò ó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn kò dé Aró láéláé. Síbẹ̀ ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ó pọ̀ jù fún ọmọ tí ó tètè bẹ̀rẹ̀, àti fún ẹni tí wèrè bá wà ní ìdílé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ a tún ṣí ìwé mìíràn. Níbẹ̀ ni yóò kà pé ní Kàlìkọ́tà, ní 1839, Dókítà O'Shaughnessy fi igbó tọ́jú ọmọ-ọwọ́ tí gìrì mú. Ní 2018 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí a yọ lára ewé yìí fún irú wárápá líle méjì tí ń ṣe ọmọdé. Èyí tí ń pa ènìyàn bí ọtí kò sí nínú rẹ̀. Ní December 2020 ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò, 27 sí 25, láti yọ igbó kúrò láàárín àwọn oògùn tí a kà sí eléwu jùlọ. Òfin Nàìjíríà kò yí padà nítorí èyí. Igò tí a wọn sì yàtọ̀ gedegbe sí èyí tí a wé sínú bébà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni jù ni yàrá àyẹ̀wò. Ìyá a ní ayé ni ó ń ṣe ọmọ òun. Dókítà a béèrè níwájú rẹ̀ pé, “Ṣé o ń mu igbó?” Ọmọ wo ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Bí ojú dókítà bá tún le, irọ́ ni yóò kọ sílẹ̀, orí irọ́ náà ni yóò sì gbé ìtọ́jú kà. Àwọn tí iṣẹ́ yìí yé a kọ́kọ́ bẹ ìyá pé kí ó jókòó síta díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó béèrè.