Ẹ̀RỌ Ń SÁRÉ, ÒFIN Ń WỌ́ TẸ̀LÉ E

Àwọn àgbà ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń kàwé ní ìdálẹ̀ bíi tiwa, awakọ̀ ni bàbá ń fi owó oúnjẹ rán sí wọn. Lónìí, bàbá kò ní dìde lórí àga ní Ìbàdàn tí owó yóò fi dún lórí fóònù wa. Orí fóònù náà ni a ti ń san owó ilé, ibẹ̀ ni a sì ti ń rajà lọ́wọ́ ẹni tí a kò fojú rí rí.

Ìbéèrè wa ni pé: bí onílé bá sẹ́ pé òun kò gba owó, ṣé adájọ́ yóò gba ohun tí ó wà nínú fóònù wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń ṣe é. Ó sì gba orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 42 kí ó tó débẹ̀. Ìtàn náà ni a fẹ́ là yé ara wa, nítorí pé ó fi hàn bí ìjọba ṣe ń wọ́ tẹ̀lé ẹ̀rọ, àti ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀.

Ìgbà tí ìwé ń jẹ́ ìwé

Ní ọdún 1945 ni òfin ẹ̀rí tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe fún wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà náà, báńkì a máa kọ ìṣirò owó oníbàárà sínú ìwé ńlá, òfin sì mọ ìwé ńlá náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà. Ìwé ńlá pòórá, ìṣirò wọ inú ẹ̀rọ. Ṣé ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde ni a ó wá pè ní ìwé tí òfin mọ̀?

Ní ọdún 1969, nínú ẹjọ́ Esso West Africa àti Oyegbola, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí pé òfin kò gbọdọ̀ di ojú sí ohun ìjìnlẹ̀ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Yesufu àti báńkì ACB, ilé-ẹjọ́ kan náà tún wí pé yóò dára púpọ̀ bí a bá lè fi òfin la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe nínú òfin wọn ti ọdún 1968.

Ta ni ó dá wọn lóhùn? Àwọn ológun ni ó wà lórí àlééfà nígbà náà. Àṣẹ kan ṣoṣo ì bá ti tó, wọn kò pa á. Ológun lọ, alágbádá dé. Ológun tún dé, alágbádá tún dé. Fóònù alágbèéká GSM wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ní gbogbo àkókò yìí, adájọ́ kan lè gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, kí adájọ́ mìíràn kọ̀ ọ́. Ọdún 2011 ni òfin ẹ̀rí tuntun tó dé.

Ohun tí òfin tuntun wí

Abala 84 inú òfin náà ni ó kàn wá. Ó ní ilé-ẹjọ́ lè gba ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde, bí a bá fi nǹkan mẹ́rin hàn: pé wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà déédéé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lákòókò náà, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí pé àléébù rẹ̀ kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àti pé láti inú ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni ìwé náà ti jáde. Ẹni tí ẹ̀rọ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Òfin náà túmọ̀ kọ̀ǹpútà sí ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Fóònù ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí abala yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn. Ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìdìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nù, nítorí pé ẹni tí ó mú wọn wá kò tẹ̀lé ohun tí abala 84 là sílẹ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọ̀rọ̀ inú abala yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1968 tí ilé-ẹjọ́ wa tọ́ka sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi òfin ọdún 1995 pa á rẹ́. Aṣọ tí onílé ti bọ́ sílẹ̀ láti ọdún 16 ni a lọ dá bí aṣọ ọdún! Ní ọdún 2023, ìjọba tún òfin ẹ̀rí náà ṣe, kí ó lè gba àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 2015, àjọ INEC lo ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìdìbò. Ní ọdún 2016, nínú ẹjọ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ẹ̀rọ náà kò lè rọ́pò ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, nítorí òfin ìdìbò kò fún un ní ipò bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2022 ni ó wá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àyè.

Kí ni ó fà á?

Àbá òfin gbọ́dọ̀ gba ilé aṣòfin méjèèjì kọjá, kí Ààrẹ sì fọwọ́ sí i. Ìyẹn gba àkókò, ó sì yẹ kí ó gbà á. Àwọn àgbà kúkú sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba bá sáré pàápàá, a rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ti Twitter pa. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dá a lẹ́jọ́ ní ọdún náà pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Abala 24 inú òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti ọdún 2015 fẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kà sí àfojúdi lè gbé ẹni tí ó kọ ọ́ dé ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ kan náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Lójú tiwa, àṣìṣe méjèèjì jọ ara wọn. Òfin tí ó bá dojú kọ irinṣẹ́ yóò bá irinṣẹ́ náà gbó. Olè ni ó yẹ kí òfin mọ̀, ì báà gba ojú fèrèsé wọlé, ì báà gba inú fóònù.

Kí òfin tó dé ibi tí a wà, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ara wa. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ẹlòmíràn sọ lórí owó rẹ́. Ẹ má ta fóònù tí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹ ní kí báńkì tẹ ìṣirò owó yín jáde, kí wọ́n sì fi ìwé-ẹ̀rí abala 84 tì í. Bí onílé bá gba owó lórí fóònù, ẹ ṣì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa òfin nínú ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ yín rèé o: ẹ má jẹ́ kí ó tún gba ọdún 42.