Ìtànṣán Lésà àti Èjìká Tí Ń Dun Ni

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ etí òkun Ìlàjẹ, láti Igbókòdá títí dé Ayétòrò, mọ̀ pé èjìká ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun níbẹ̀. Òun ni a fi ń wa ọkọ̀, òun ni a fi ń ju àwọ̀n. Nígbà tí apá bá kọ̀ tí kò gòkè mọ́, àwọn kan a ní ọfà ni, àwọn mìíràn a ní làkúrègbé ni. Wọn a sì fi apá náà kọ́rùn fún oṣù méjì.

Iṣan mẹ́rin ni ó di orí egungun apá mú sí àyè rẹ̀. Okùn ọ̀kan nínú wọn ń gba abẹ́ egungun téńté èjìká kọjá, gẹ́gẹ́ bí okùn ìdákọ̀ró tí ń họ mọ́ etí ọkọ̀. Bí a ti ń gbé apá sókè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó lè máa tú fọ́nrán-fọ́nrán.

Ní òde òní, àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, irú àwọn tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ láti 1966, a máa tan ìtànṣán lésà sí irú èjìká bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà. Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ ṣe lésà, ní Amẹ́ríkà, ní 1960. Ní 1967, Endre Mester, oníṣègùn ní Budapest, tan án sí ara eku tí a ti fá. Ó rí i pé irun rẹ̀ yára hù. Lésà yìí kì í ṣe èyí tí ń gé ẹran ara. Agbára rẹ̀ kéré, kì í jó awọ. Ó ń wọ inú ara, a sì gbà pé ó ń ru ibi tí ara ti ń pèsè agbára sókè, kí wíwú lè rọlẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ Cochrane yẹ àwọn ìdánwò rẹ̀ wò ní 2014 àti 2016. Wọ́n rí i pé ó lè dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, pàápàá nínú èjìká tí ó gan bí a bá fi ìdárayá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò pọ̀. Kò lè so okùn tí ó ti já. Nítorí náà a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ta àwọ̀n rẹ̀ nítorí ìtànṣán nìkan. (Àwọn tí ń polówó rẹ̀ kì í sábà sọ èyí.)

Ìdárayá ni ọ̀gá, kò sì béèrè iná mànàmáná. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ọwọ́ tí ó le di tábìlì mú, ẹ jẹ́ kí èkejì máa fì lọ, kí ó máa fì bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Apá tí a so mọ́ra pẹ́ ni ó ń gan, ó sì ń ṣe alárùn àtọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ.

Bí a bá fẹ́ tan lésà sí yín, ẹ rí i pé a fi awò bo ojú yín, ẹ má sì gbà á sórí ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ṣùgbọ́n bí èjìká òsì bá ń dun ènìyàn lójijì, tí àyà rẹ̀ fún pọ̀, tí òógùn sì bò ó, kí a gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru; ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn, kì í ṣe ti èjìká rárá.