Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aláìsàn àti Dókítà tí ó Ń Pààrọ̀ Ẹ̀ka

Àwọn dókítà tí à ń pè ní rẹ́sídẹ́ǹtì kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n ti gboyè ìṣègùn, wọ́n sì ti ń tọ́jú aláìsàn, kí wọn tó tún padà sábẹ́ àwọn àgbà láti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan. Òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 67 ti ọdún 1979 ni ó dá kọ́lẹ́jì orílẹ̀-èdè tí ó ń ṣe ìdánwò fún wọn sílẹ̀. Lára ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí wọn lo oṣù mélòó kan ní ẹ̀ka kan, kí wọn sì ṣí lọ sí òmíràn. Ìṣípòpadà yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Bí a bá ní kí á múra wọn sílẹ̀, ìwé kíkà àti lílo irinṣẹ́ ni a máa ń rò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti pààrọ̀ wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn náà pààrọ̀ ìtumọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé obìnrin kan gbéra láti Eko-Ende, ó gba Ìkìrun dé ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Òṣogbo, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, inú ń run mí." Inú ní èdè Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà ara kan ṣoṣo. Àpòlúkù, ìfun, ilé-ọmọ, inú ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ náà ni ìbínú àti ìbànújẹ́ ń gbé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ dé ẹ̀ka ìtọ́jú obìnrin lè máa ro ti ìfun. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé oyún ni ó dúró sí ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà dé ilé-ọmọ. Bí ọ̀nà náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sínú ikùn láìhàn síta, wákàtí díẹ̀ sì tó láti pa á. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Obìnrin ilé wa kì í sì í fẹ́ dáhùn èyí níṣojú àna rẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, gìrì ni ìyá yóò pe àìsàn náà. Dókítà gbọ́dọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tí wọ́n ti rọ ọmọ, nítorí pé àgbo ìtọ̀ màlúù àti tábà lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì dá èémí rẹ̀ dúró. Bí ó bá jágbe mọ́ ìyá, yóò purọ́. Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnìkan ń fi pe ìdí yíyọ, ẹlòmíràn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹlòmíràn ẹ̀yìn ríro. Kí ni ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá yóò ṣe?

Àwọn kan ti rí èyí ṣáájú wa. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láàrin ọdún 1950 sí 1960, David Morley fi káàdì ìwọ̀n ọmọ sí ìkáwọ́ ìyá, tí ó fi jẹ́ pé dókítà yòówù tí ó bá dé yóò bá ìtàn ọmọ náà níbẹ̀. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà, kí àwọn tí ó ń kọ́ ìṣègùn lè gbé láàrin àwọn tí wọn yóò tọ́jú.

Ohun tí à ń béèrè kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ: kí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ jọ yí ibùsùn ká, kí ẹni tí ń bọ̀ jókòó ti nọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà, kí ó sì kọ orúkọ tí àwọn aláìsàn ń pe àìsàn wọn sínú ìwé kékeré kan. Ìwé ọ̀hún ni yóò fi lé ẹni tí ó bá rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí oṣù tirẹ̀ bá pé.